Àrítẹ́lẹ̀ kì í ṣe àròsílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ewé Yorùbá wa lẹ́ẹ̀kan yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni: foresight àti forethought. Àwa tí a ti ilé ẹ̀kọ́ Faransé dé ibí, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kẹta tàbí ẹ̀kẹrin lẹ́nu wa, bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀ láti wo àwọn méjèèjì, prévoyance ni a sábà máa ń bá nídìí ọ̀kan, òun náà ni a ó tún bá nídìí èkejì. A ó pa ìwé dé, a ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, a ó sì kọjá lọ.

Èmi sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo tún sọ pé èdè Yorùbá tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, mọ ìyàtọ̀ náà dájú, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ju Faransé tí a fi kàwé lọ. Ohun kẹta tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ nígbà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ará ìlú lè kó wọn sí wàhálà. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà. Fore tó wà níwájú méjèèjì, "iwájú" tàbí "ṣáájú" ni. Sight ni ìríran, iṣẹ́ ojú. Thought ni ìrònú, iṣẹ́ ọkàn. Ọmọ bíbí ilé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Látìnì tàbí Faransé bí wọ́n ṣe yá provide àti prudence. Bí a bá tú wọn palẹ̀ báyìí, foresight ni kí ojú rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Forethought ni kí ọkàn yí ọ̀ràn kan wò sọ́tùn-ún sósì, kí ó sì to ohun tí a ó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí àkókò àtiṣe é tó dé.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtumọ̀ inú ọ̀rọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìtumọ̀ ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́. Òótọ́ ni, olùkọ́ wa ń sọ ọ́ fún wa lójoojúmọ́. Nítorí náà mo wá ẹ̀rí mẹ́ta láti inú bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n.

Ẹ̀rí kìíní ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Foresight ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà láàyè, èyíinì ni foresee. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Forethought kò ní irú rẹ̀. Forethink wà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ lónìí, àwọn tó gbọ́ ọ yóò wo ojú rẹ̀. Plan ni wọn yóò lò, tàbí kí wọ́n sọ pé àwọn ronú síwájú. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jẹ́ ìbejì lóòótọ́, kí ló dé tí ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí èkejì kò ní?

Ẹ̀rí kejì ni àbọ̀. Ohun tí a ń foresee sábà máa ń jẹ́ ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wa: òjò, ogun, ìyàn, ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ohun tí a ń fi forethought sí ni ohun tí àwa fúnra wa fẹ́ ṣe: ilé tí a fẹ́ kọ́, ìrìn àjò tí a fẹ́ rìn, àsè tí a fẹ́ sè. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé forethought púpọ̀ wọ inú ilé kan. Kò ní sọ láéláé pé forethought wọ inú òjò.

Ẹ̀rí kẹta ló dùn mọ́ mi jù, òun sì ni òdì-kejì. Òdì-kejì foresight ni hindsight, ìyẹn ni kí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ tán, kí ojú wa wá là sí bí ì bá ti rí. Òdì-kejì forethought ni afterthought, ìyẹn ni ohun tí a kò rò mọ́ iṣẹ́ nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀, tí a wá lẹ̀ mọ́ ọn nígbẹ̀yìn bí ẹni lẹ àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ wò ó: ẹni tó ní hindsight ti gbọ́n sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Iṣẹ́ tó jẹ́ afterthought kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Òdì-kejì méjèèjì kò bára mu rárá. Àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ fún hindsight tó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún adùn: àbámọ̀. Ẹ tú u wò: à bá mọ̀. Odidi gbólóhùn ni a ká pọ̀ tí a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, a sì ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

N kò sọ pé odi gíga ló wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì o. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé obìnrin kan ní foresight tó fi mú agboòrùn dání, níbẹ̀ foresight ti na ọwọ́ dé ibi iṣẹ́. Àwọn ìwé atúmọ̀ wọn pàápàá máa ń fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé a lè foresee nǹkan kí a má ṣe ohun kankan sí i. A rí i, a jókòó. Forethought kò ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ó ti kọjú sí iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, kí ó lọ sí ilé ẹjọ́. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń sọ pípa ènìyàn di ìpànìyàn tó burú jù ni malice aforethought. Ìbéèrè wá dé: bí ẹnìkan bá rí i tẹ́lẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lè pa ènìyàn, ṣé rírí tẹ́lẹ̀ yẹn nìkan tó láti sọ pé ó gbèrò ikú? Ní 1985, nínú ẹjọ́ Moloney, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà nígbà náà, dáhùn pé rárá. Foresight kì í ṣe èrò ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí tí a lè fi wá èrò ọkàn náà rí ni. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Woollin, ilé ẹjọ́ kan náà tún tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pátápátá pé ikú tàbí ìpalára ńlá ni yóò tẹ̀yìn ohun tí ẹni náà ṣe yọ, kí òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn adájọ́ aráàlú tó lè gbé èrò ìpànìyàn kà á lórí. Ẹ̀wọ̀n gbére lè wà láàárín ojú àti ọkàn. Ẹni tó rí jàǹbá níwájú kì í ṣe ẹni tó pète jàǹbá.

Faransé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú òfin, nítorí ó ní préméditation. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sábà tú palẹ̀: guet-apens. Guet ni ìṣọ́. Apens jáde láti inú apensé àtijọ́, ìyẹn ni ohun tí a ti rò dáadáa; ìdílé kan náà ni òun àti penser. Ìṣọ́ tí a ti rò sílẹ̀ ni guet-apens. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ibi tí Faransé ti ń kó wa sínú àṣìtúmọ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe prévoir. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì. "On prévoit de la pluie": ojú ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Il faut prévoir un parapluie": ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ, Faransé gbìyànjú láti pín in, ó pe ti ojú ní prévision, ó pe ti ọwọ́ ní prévoyance. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, gbogbo rẹ̀ tún dà pọ̀. Gbólóhùn tí a ń gbọ́ láti ìgbà tí a wà ní lísè, pé "gouverner, c'est prévoir", kí ni ó ń sọ gan-an? Ṣé olórí ni ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀, àbí olórí ni ẹni tó ti ṣètò fún un? Faransé kò sọ. Ó fi wá sílẹ̀ ká yan èyí tó wù wá, ọ̀pọ̀ olórí sì ti yan èyí tó rọrùn jù nínú méjèèjì.

Ó tún yẹ kí a rántí ọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ adúláwọ̀ wa níhìn-ín. Gaston Berger ni orúkọ rẹ̀. Saint-Louis ní Senegal ni wọ́n ti bí i ní 1896, òun náà ni wọ́n fi sọ orúkọ yunifásítì tó wà nílùú náà. Òun ló fi ọ̀rọ̀ náà prospective lélẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé ní àwọn ọdún 1950, nítorí pé prévision kò tó fún un. Ó ní kì í ṣe pé kí a kàn sọ bí ọ̀la yóò ṣe rí, bí kò ṣe kí a wo ọ̀la láti mọ ohun tí a ó ṣe lónìí. Nígbà tí ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, foresight ni wọ́n sábà fi ń pè é. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dá ètò kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ lórúkọ. Orílẹ̀-èdè wa náà ṣe irú rẹ̀: ní ọdún 2000, wọ́n gbé ìwé ìran "Bénin 2025 Alafia" jáde. Àlàáfíà tí àwa fi ń kí ara wa ni wọ́n fi sórí rẹ̀. Ọdún 2025 náà ti dé. Oníkálukú lè wo àyíká rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé nínú ohun tí wọ́n rí lọ́ọ̀ọ́kán nígbà náà, mélòó ni wọ́n ṣe nǹkan sílẹ̀ fún?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ilé. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyàtọ̀ báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta yìí:

Ó se oúnjẹ tẹ́lẹ̀.
Ó se oúnjẹ sílẹ̀.
Ó se oúnjẹ dè wá.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ sọ fún wa pé ìgbà kan ti kọjá tó se oúnjẹ, tàbí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni nígbà kan rí. Ti èkejì sọ fún wa pé oúnjẹ wà níbẹ̀, ó ti délẹ̀, ẹni tí ebi bá pa kó bù ú. Ti ẹ̀kẹta sọ fún wa pé a ń bọ̀, pé ó mọ̀ pé a ń bọ̀, àti pé nítorí bíbọ̀ wa ni iná ṣe jó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ẹyọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sight àti thought pín, tí Faransé fi ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ pín, àwa fi tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ àti dè pín in.

Ẹ tún wo irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá rìn. Tẹ́lẹ̀ ń bá ojú, etí, ẹnu àti ìmọ̀ rìn: rí tẹ́lẹ̀, gbọ́ tẹ́lẹ̀, sọ tẹ́lẹ̀, mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sílẹ̀ ń bá ọwọ́ rìn: múra sílẹ̀, pèsè sílẹ̀, tọ́jú sílẹ̀, yà sílẹ̀. A kì í sọ pé "mo mọ̀ ọ́n sílẹ̀". A kì í sọ pé "mo rí òjò sílẹ̀". Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé kò gbọ́ èdè. Sọ nìkan ni mo rí nínú àwọn ti ẹnu tó lè bá sílẹ̀ rìn, ẹ sì wo bí ìtumọ̀ ṣe yí: bàbá tó sọ tẹ́lẹ̀ pé ìjà yóò bẹ́ láàárín àwọn ọmọ òun, aríran ni. Bàbá tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú, ó ti pín ogún. Èwo nínú àwọn bàbá méjèèjì ni àwọn ọmọ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló dúró láàárín ojú àti ọwọ́, òun ni rò. Ó gba méjèèjì. "Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀": mo fura, ó sì ṣẹ. "Mo ti ro ohun tí màá sọ sílẹ̀": mo ti to ọ̀rọ̀ mi, ẹ pè mí nígbà tó bá wù yín. Ti àkọ́kọ́ sún mọ́ foresight. Ti èkejì ni forethought gan-an, kò yẹ̀ rárá.

Ní ti dè, òun ni ó gbé méjèèjì pọ̀: ó ní ohun kan ń bọ̀, ó sì ní iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún un. Ọdẹ dẹ tàkúté de ẹran. Ọlọ́ṣà lúgọ de onímọ́tò. Guet-apens tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Faransé ní láti so ìṣọ́ àti ìrònú pọ̀ kí ó tó lè sọ ọ́; lúgọ dè ti sọ gbogbo rẹ̀ tán fún wa.

Àwọn àgbà wa pàápàá kò da ojú àti ọgbọ́n pọ̀. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé gbígbọ́ tẹ́lẹ̀ ló gba arọ là. Ẹ tún un gbọ́. Òwe náà kò dúró sí ibi àgbọ́tẹ́lẹ̀. Ó fi "tó bá gbọ́n" kádìí ọ̀rọ̀. Arọ tó gbọ́ tí kò gbọ́n, ogun náà yóò bá a ní ìjókòó tó wà. Bákan náà ni wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọrún. Ẹni tó bá mọ ìdí Ifá yóò sì sọ fún yín pé dídá Ifá kì í ṣe òpin iṣẹ́. Bí Ifá bá ti sọ̀rọ̀ tán, a ó béèrè ohun tí a ó ṣe, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹbọ máa ń wọlé. Àsọtẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, ẹbọ lọ́tọ̀, èkejì ni ó sì ń ná ènìyàn lówó.

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà fi ìtàn sọ ohun tó jọ èyí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà, Prometheus àti Epimetheus. Àwọn Gíríìkì ka orúkọ ti àkọ́kọ́ sí ẹni tó ń ronú ṣáájú, wọ́n ka ti èkejì sí ẹni tó ń ronú lẹ́yìn. Epimetheus ló gba Pandora wọlé, lẹ́yìn tí ọ̀ràn bẹ́ ni ó tó mọ ohun tó ṣe. Àwa ì bá pè é ní Bàbá Àbámọ̀.

Wàyí o, kí ni èyí kan ará ìlú? Púpọ̀ nínú wa ni yóò jẹ olùkọ́, àwọn kan yóò jẹ atúmọ̀ èdè, àwọn mìíràn yóò máa ka ìròyìn ní èdè wa lórí rédíò. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan dán ara wa wò. Kí ìwé kan dé láti òkè, ní Faransé, pé: "De fortes pluies sont prévues. Les riverains doivent prévoir des abris." Atúmọ̀ tó ń kánjú yóò mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún prévoir méjèèjì, bóyá "retí". Yóò ní: "A ń retí òjò ńlá. Kí àwọn ará etídò máa retí ibi ààbò." Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀! Ìwé náà ní kí wọ́n wá ibi ààbò sílẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wo ọ̀nà, ibi ààbò ń bọ̀ wá bá wọn. Ìyá àgbà tó gbọ́ èyí kò ṣe àṣìṣe kankan bó bá jókòó. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣe. Ohun tó yẹ kí a sọ ni: "Òjò ńlá ń bọ̀. Ẹ̀yin ará etídò, ẹ tètè wá ibi gíga tí ẹ ó sá sí sílẹ̀ dè é." Sílẹ̀ kan, dè kan, gbogbo rẹ̀ ti yé wọn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ wa. Ní 2010, omi ya bo ọ̀pọ̀ agbègbè ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àjọ àgbáyé sì ṣírò pé ó kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn. Ilé wó, oko rì, ènìyàn kú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé odò Wémè, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouémé, máa ń kún lọ́dọọdún. Òjò tó rọ̀ ní àríwá ní í máa ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, tí omi yóò fi ga ní ìsàlẹ̀ odò ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kódà bí òjò ọ̀dọ̀ wa kò tíì le. Mímọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ojú ti rí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ tún wo àwọn aládùúgbò wa ní ìsàlẹ̀ odò náà, àwọn tí wọ́n ń fi ẹja jẹun. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò gígùn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, whedo ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Omi yóò kún, yóò bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹja yóò sì bá a wọlé. Nígbà tí omi bá fà, ẹja ti há sínú kòtò. Wọn yóò máa kó o lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n. Omi kan náà ni ẹlòmíràn ń sá fún. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ènìyàn rí. Ìyàtọ̀ wà ní ibi dè: wọ́n gbẹ́ kòtò de omi. Bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ní kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé forethought, n kò ní lọ sí London. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Wémè ni màá mú un lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, akápò yóò ka ìwé, yóò ní "dépenses prévues". Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a rí tẹ́lẹ̀ pé yóò jáde yàtọ̀ sí owó tí a ti yà sílẹ̀ fún un. Ti àkọ́kọ́, gbèsè tí a mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ti èkejì ti wà nínú àpò. Akápò tó bá ń sọ Yorùbá ni a lè bi pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, àbí ẹ ti yà á sílẹ̀?" Nínú Faransé rẹ̀, ibi tí yóò sá pamọ́ sí wà. Nínú Yorùbá, kò sí. Àwọn ìyá wa tó ń dá èésú lọ́jà mọ èyí ju akápò lọ: wọn kò lè sọ ọjọ́ tí àìsàn yóò dé, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Forethought láìsí foresight nìyẹn, ó sì fi hàn wá pé ọ̀kan kò dúró de èkejì kí ó tó ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò ní àròtẹ́lẹ̀ ti wà, kí ló dé tí mo tún ń wá àròsílẹ̀? Èsì mi ni pé àròtẹ́lẹ̀ dára fún ìfura àti èrò àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń fà á padà sọ́dọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ àti àgbọ́tẹ́lẹ̀, tí ọwọ́ kò sí nínú wọn. Àwọn mìíràn yóò ní àròsílẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: kọ sílẹ̀ bí àkọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá àkọsílẹ̀ jà. Rò sílẹ̀ lè bí àròsílẹ̀ lọ́nà kan náà. Àrítẹ́lẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyá àsọtẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì wúwo lẹ́nu, kí a fi í sílẹ̀, kí a lo gbólóhùn: "ó ti rò ó sílẹ̀", "wọ́n ti múra dè é". Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀-ìṣe. Kì í ṣe dandan kí a máa wá orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo orúkọ tí òyìnbó bá sọ. Àìsí orúkọ kan ṣoṣo kò túmọ̀ sí àìsí èrò.

Àbá mi rèé, kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, foresight ni àrítẹ́lẹ̀, forethought ni àròsílẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó wọ inú àtẹ ọ̀rọ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń tò jọ. Èkejì, nígbàkigbà tí prévoir bá dé iwájú wa, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ojú ni ọ́ tàbí ọwọ́? Bó bá jẹ́ ojú, kí a lo tẹ́lẹ̀ tàbí kí a kàn sọ pé nǹkan náà ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́, kí a lo sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nítorí ohun tí ojú rí, kí a lo dè. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi retí túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí omi ń bọ̀ wá bá nílé.

Ohun kan kù tí n kò lè dá ṣe. Gbogbo àpẹẹrẹ mi wá láti inú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé àti èyí tí à ń sọ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìdáàṣà, láti Ṣábẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé ní Togo, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà ìsinmi. Ẹ má bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún foresight, wọn yóò rẹ́rìn-ín yín. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń sọ pé obìnrin kan se oúnjẹ de àlejò, àti bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹnìkan mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ àti dè bá ní orúkọ mìíràn níbẹ̀, tàbí bí wọ́n bá pín iṣẹ́ náà lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa, ẹ mú un wá kí a tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí. Bí ẹ bá rí ohun tó wó àlàyé mi palẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wá.

Kí ìdánwò má bá wa ní àìmúrasílẹ̀.